ÈRÈ ORÍ ẸṢIN: ỌWỌ́ TA NI Ó TI JÁDE?



Ìbéèrè kan ń tọ àwa àgbà ìjọ wá, láti Kambolé dé Tchamba, títí dé Sókódé: "Bàbá, bí mo bá ta tẹ́tẹ́ ẹṣin, tí mo gbàdúrà sí i, tí mo jẹ, tí mo sì mú ìdámẹ́wàá rẹ̀ wá sí ilé Ọlọ́run, ẹ̀ṣẹ̀ ni bí?" Ìbéèrè àgbà ni, kò yẹ kí a fi ìbínú dá a lóhùn. Ẹ jẹ́ kí a yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹṣin kì í ṣe àjèjì lọ́dọ̀ wa. Àwọn Kotokoli ní Sókódé ti ń gùn ún tipẹ́tipẹ́. Ṣùgbọ́n ẹṣin tí a ń wí yìí, a kò fojú kàn án rí. Ilẹ̀ Faransé ni ó ti ń sáré, àwa ń ta owó lé e níhìn-ín. PMU ti ilẹ̀ Faransé, tí a dá sílẹ̀ ní 1930, ni ó mú tiercé jáde ní 1954, pé kí ènìyàn dárúkọ ẹṣin mẹ́ta tí yóò ṣáájú. Lọ́dọ̀ wa ní Tógò, LONATO ni ó ń ta á.

Eré kan wà tí ẹṣin ti ń fo ọgbà, irú èyí tí wọ́n ń sá ní Auteuil ní Paris. Ó tilẹ̀ ní ti àwọn ẹṣin tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ ọgbà fò, bí eré Arkle ní Cheltenham, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Olówó ẹṣin kò mọ̀ bóyá yóò fò ó tàbí yóò ṣubú. Ẹni tó gùn ún kò mọ̀. Aríran wo ní Tchamba ni yóò wá mọ̀ ọ́n?

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò. Bí ẹṣin 16 bá sáré, ọ̀nà 3,360 ni mẹ́ta àkọ́kọ́ lè gbà tò tẹ̀léra. Bí ó bá jẹ́ márùn-ún ni a ní kí o tò, ọ̀nà 524,160 ni. Ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn ni òótọ́.

Ẹ ó ní, "Ẹnìkan ṣáà ń jẹ." Bẹ́ẹ̀ ni. Níbẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ọ̀gbẹ́ni Joseph Oller ni ó dá irú tẹ́tẹ́ yìí sílẹ̀ ní Paris ní àwọn ọdún 1860. Gbogbo ènìyàn a kó owó jọ sínú àpò kan, ilé tẹ́tẹ́ a kọ́kọ́ yọ tirẹ̀, ìyókù ni àwọn tó jẹ yóò pín. Ẹ gbọ́ o! Owó náà kò ti ara ẹṣin wá, kò sì já bọ́ láti ọ̀run. Ọwọ́ àwọn tó pàdánù ni ó ti jáde. Owó oògùn ọmọ ẹnìkan lè wà níbẹ̀, àti owó tí oní-zémidjan kan pa láti àárọ̀ ṣúlẹ̀.

Nítorí náà, bí a bá tan àbẹ́là tí a ní, "Olúwa, jẹ́ kí ẹṣin mi ṣáájú," àdúrà kejì wà lábẹ́ rẹ̀ tí ẹnu wa kò sọ: "Jẹ́ kí aládùúgbò mi pàdánù." Aládùúgbò náà lè kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, kí òun náà máa gbàdúrà tirẹ̀. Ti ta ni kí Ọlọ́run gbà?

Àwọn kan a ní, "Iṣẹ́ oko náà tẹ́tẹ́ ni, òjò lè má rọ̀." Òótọ́ ni pé àgbẹ̀ kò mọ̀la. Ṣùgbọ́n bí iṣu rẹ̀ bá ta, oúnjẹ pọ̀ sí i ní ìlú, kò sì sí ẹni tí iṣu tirẹ̀ dínkù nítorí rẹ̀. Ti tẹ́tẹ́ kò rí bẹ́ẹ̀.

Àwọn mìíràn a ní àwọn Àpọ́sítélì ṣẹ́ kèké nígbà tí wọ́n yan Mátíásì (Ìṣe 1). Ìfẹ́ Ọlọ́run ni wọ́n ń wá, wọn kò gba nǹkan ẹnìkan. Kèké kejì wà nínú Jòhánù 19, tí àwọn ọmọ ogun ṣẹ́ lé aṣọ Jésù. Ẹnìkan jèrè aṣọ lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n wọ́n ti kọ́kọ́ bọ́ ọ lára Ẹlòmíràn. Àwa aláṣọ funfun, ẹ jẹ́ kí a rántí èyí.

Ní ti ìdámẹ́wàá, àwọn olórí àlùfáà pàápàá, bí ọkàn wọn ti le tó, kọ̀ láti fi owó tí Júdásì dá padà sínú ìṣúra (Mátíù 27). Wọ́n mọ̀ pé owó ní orísun. Kùránì pẹ̀lú kọ tẹ́tẹ́ fún àwọn aládùúgbò wa Mùsùlùmí.

A kò ní kí ẹ lé ẹnikẹ́ni jáde o. Ẹ̀yin aríran, ẹ má ṣe fún ènìyàn ní nọ́ńbà. Ẹ̀yin àgbà, ẹ má ṣe gba ẹ̀bùn nítorí rẹ̀. Ẹni tí ó bá sì ti jẹ tẹ́lẹ̀, kí ó wá ilé kan tí tẹ́tẹ́ ti sọ di òfo, kí ó ràn wọ́n lọ́wọ́. Padà sí ọwọ́ tí ó ti jáde ló yẹ kí owó náà lọ.

Kí Olúwa fún wa ní èrè tí kò ní omijé ẹlòmíràn nínú. Àmín.