Ìrìn Tí Ẹsẹ̀ Kò Kà

Láti pápákọ̀ òfurufú Ìkejà dé Heathrow ní Lọ́ńdọ̀nù, nǹkan bíi 5,000 kìlómítà ni. Wákàtí mẹ́fà àti ààbọ̀ ni bàálù sábà máa ń fi fò ó. Kò sí irọ́ nínú òǹkà méjèèjì. Ṣùgbọ́n ìlú Ìràwọ̀ ni mo ti ń wò ó, ní Òkè-Ògùn níbí, níbi tí kò sí pápákọ̀ kankan, ìbéèrè kan kò sì kúrò lọ́kàn mi: ta ló ń gbé ní pápákọ̀ tí ìrìn àjò rẹ̀ fi ń bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀?

Àwọn baba wa kì í ya ọ̀nà sọ́tọ̀ kúrò lára àkókò. “Ìrìn ọjọ́ kan ni,” ọ̀rọ̀ ti tán. Ẹsẹ̀ ló ń wọn ọ̀nà, ẹsẹ̀ náà ló ń wọn ọjọ́. Bí odò Ògùn bá kún, ọ̀nà ti gùn sí i nìyẹn, bí ilẹ̀ ò tiẹ̀ kúrò níbi tó wà. Ènìyàn sì ń bẹ nínú ìwọ̀n yẹn: ẹni tí yóò fún wa lómi mu, onílé tí yóò gbà wá sùn, abúlé tí a kò gbọdọ̀ kọjá láìkí wọn.

Bàálù ló ya ọ̀nà àti àkókò nípa. Ìjìnnà tí wọ́n ń kà, ìlà tó kúrú jù lọ lórí ayé tó rí roboto ni. Ìlà yẹn kò mọ atẹ́gùn. Àkókò ló mọ̀ ọ́n. Láti Èkó sí Atlanta ní Amẹ́ríkà tó nǹkan bíi 9,400 kìlómítà, síbẹ̀ àlọ máa ń ju àbọ̀ lọ ní wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀, nítorí atẹ́gùn ńlá òkè ọ̀hún, láti ìwọ̀-oòrùn ló ti ń fẹ́ lọ sí ìlà-oòrùn. Ilẹ̀ ló ni ìjìnnà. Ohun tó bá pàdé wa lọ́nà ló ni àkókò.

Wákàtí tó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì, ìgbà tí bàálù bá kúrò ní ibùdúró rẹ̀ ni wọ́n ti ń kà á, títí yóò fi dúró níbòmíràn. Ìsẹ́yìn, Mónìyà, Ìbàdàn, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Èkó, ìtò gígùn ní Ìkejà: kò sí èyí tí wọ́n kà. Ó tó nǹkan bíi 200 kìlómítà láti Ìkejà sí Ìràwọ̀ bí ẹyẹ bá fò ó tààrà. Bàálù kì í fi ìdajì wákàtí kọjá irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Gbogbo ebè iṣu tó wà láàrin, gbogbo ọjà, gbogbo ẹni tó ń roko lábẹ́ oòrùn, ìṣirò náà sọ wọ́n di òfo. Èyí ló ń dùn mí jù, nítorí àárín yẹn ni ilé wa.

Ọmọ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù lè sọ fún ìyá rẹ̀ lórí fóònù pé wákàtí mẹ́fà péré ló wà láàrin àwọn. Òótọ́ ọmọ ni, ẹni tó ní ìwé ìrìnnà àti owó tíkẹ́ẹ̀tì. Ìyá tí kò ní ọ̀kankan nínú méjèèjì náà ń ka ìjìnnà ọ̀hún. Ọdún ló fi ń kà á, láti ìgbà tí ọmọ ti wálé gbẹ̀yìn. Mi ò tíì rí ìdí kan tí a ó fi pe ìṣirò ọmọ ní òótọ́, kí a wá pe ti ìyá ní àárò lásán.