Iṣẹ́ Tó Wà Nílẹ̀ àti Èyí Tí A Ń Retí
Ẹ̀kọ́ kíkà: Rúùtù, orí 2 títí dé orí 4

 

Ìyá kan nínú kíláàsì wa wá bá mi nílé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ti parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀, ó sì ti jókòó sílé fún oṣù mẹ́sàn-án. Ó ti ṣe ìdánwò fún iṣẹ́ tíṣà ìjọba, wọ́n ti pè é, wọ́n ti fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò, ṣùgbọ́n lẹ́tà kò tíì dé. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kan ní àdúgbò ní kí ó wá máa kọ́ Pírámárì Kẹrin. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan. Ìyá náà ní, "Màmá Tíṣà, ṣé kí ó gbà á ni, àbí kí ó dúró de èyí tí a ń gbàdúrà sí?" Kí n tó la ẹnu, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní, "Bí ó bá gbà á, a ò ní jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ó ń retí ibòmíràn. Ọjọ́ tí lẹ́tà bá dé, ó kàn máa lọ ni."

Ọ̀rọ̀ tó sọ gbẹ̀yìn yìí ni ó mú mi kọ ìwé yìí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè rẹ̀.

Rúùtù ará Móábù àti Náómì ìyá ọkọ rẹ̀ dé Bẹ́tílẹ́hẹ́mù ní ìbẹ̀rẹ̀ ìkórè ọkà bálì. Opó ni àwọn méjèèjì, ọwọ́ wọn sì ṣófo. Rúùtù kò jókòó kí ó máa retí oore ńlá. Ó tọrọ ààyè, ó jáde lọ pèéṣẹ́ lẹ́yìn àwọn olùkórè, iṣẹ́ tí òfin Mósè fi sílẹ̀ fún aláìní àti àlejò. Oko Bóásì ni ó bọ́ sí láìmọ̀. Nígbà tí ó lu ohun tí ó ṣà ní ìrọ̀lẹ́, ó tó ìwọ̀n éfà kan. Ó sì wà lẹ́nu rẹ̀ títí ìkórè bálì àti ti àlìkámà fi parí. Nítorí náà, ẹni tó bá ní iṣẹ́ kékeré yóò dí ọ̀nà iṣẹ́ ńlá, kí ó fi ibi tó ti kà á hàn mí. Nítorí òjò tó ṣú, a kì í da omi inú àmù nù.

Ìyá náà tún sọ fún mi pé ọmọ náà ń ṣí Bíbélì láìwo ojú ewé, bóyá òun á rí àmì. N kò bá a wí. John Wesley baba wa pàápàá ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tí George Whitefield pè é sí Bristol ní ọdún 1739. Lẹ́yìn náà ni àwọn ará ní Fetter Lane ṣẹ́ kèké lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí kèké nínú ìwé Rúùtù. Ẹsẹ̀ àti ẹnu ni wọ́n lò.

Orí 3 àti 4 ni kí a wá tẹjú mọ́. Rúùtù bẹ Bóásì pé kí ó ra òun padà gẹ́gẹ́ bí ìbátan. Ọkàn Bóásì fẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọkùnrin kan wà tó sún mọ́ ilé Náómì jù ú lọ, òun ni ẹ̀tọ́ kọ́kọ́ kàn. Òru ni, ní ilẹ̀ ìpakà, kò sí ẹni tó rí wọn. Bóásì lè bò ó mọ́lẹ̀. Ilẹ̀ mọ́, ó lọ jókòó sí ẹnu ibodè, ó pe ọkùnrin náà, ó pe àgbà 10, ó sì sọ ohun gbogbo jáde. Ọkùnrin náà kọ́kọ́ ní òun yóò rà á! Ẹ wo bí àyà Bóásì yóò ti já. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdánù ohun tí ó ń fẹ́ nítorí pé ó sọ òtítọ́.

Èmi kò lọ sí ẹnu ibodè ní tèmi. Ní ọdún 1980 mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba Gíréèdì Túù. Ìjọba Olóyè Bọ́lá Ìgè ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní ọdún tó ṣáájú, wọ́n ń wá tíṣà, ṣùgbọ́n lẹ́tà tèmi pẹ́. Opó kan tó ní jẹ́lé-ó-sinmi nínú ọgbà ilé rẹ̀ gbà mí síṣẹ́. Ó bi mí pé ṣé màá lè parí ọdún náà. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà." Ọ̀sẹ̀ karùn-ún, lẹ́tà ìjọba dé. Mo gba owó oṣù lọ́jọ́ Ẹtì, n kò sì padà lọ lọ́jọ́ Ajé. N kò kọ̀wé, n kò ránṣẹ́. Mo gbọ́ lẹ́yìn náà pé òun fúnra rẹ̀ ni ó kó àwọn ọmọ mi mọ́ tirẹ̀ títí tááàmù fi parí, àwọn òbí kan sì yọ ọmọ wọn kúrò.

Ọdún púpọ̀ kọjá, a pàdé níbi ìsìn ìdúpẹ́ kan. Kò bú mi. Ó ní, "Tíṣà, àwọn ọmọ yẹn dúró lẹ́nu ọ̀nà dè ọ́ o." Mo kúnlẹ̀, mo tọrọ àforíjì, ó sì gbé mi dìde. Ọdún 35 ni mo fi ṣe tíṣà, mo sì máa ń rántí gbólóhùn yẹn bí mo bá ń pe orúkọ nínú rẹ́jísítà.

Mo wá sọ fún ìyá náà pé kí ọmọ rẹ̀ tọrọ ọjọ́ díẹ̀ kí ó tó dáhùn. Kí ó fi ọjọ́ náà lọ sí ọ́fíìsì ìjọba, kí ó béèrè ibi tí ọ̀rọ̀ dé, nítorí a máa ń gba ààwẹ̀ lórí ohun tí a lè fi ẹsẹ̀ rìn lọ béèrè. Kí ó má san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá ní òun yóò bá a mú lẹ́tà jáde. Kí ó ka lẹ́tà ilé-ẹ̀kọ́ náà dáadáa, kí ó má sì fi ojúlówó ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ sílẹ̀ fún wọn. Lẹ́yìn náà, kí ó lọ bá ọ̀gá wọn, kí ó sọ pé òun ń retí lẹ́tà, bí ó bá sì dé, òun kò ní sá lọ láìsọ.

Inú ìyá náà kò dùn. Ó ní, "Màmá Tíṣà, ẹ̀yin ń gba owó ìfẹ̀yìntì. Bí wọ́n bá ní kò gbọdọ̀ wá mọ́ ńkọ́?" Òótọ́ ni, wọ́n lè sọ bẹ́ẹ̀. N kò rí èsì fún un ju ohun tí mo ti sọ lọ.

Ọmọ náà fúnra rẹ̀ ni ó lọ. Ọ̀gá náà ní òun yóò rò ó. Ọjọ́ mẹ́ta kọjá tí kò sí ẹni tó sùn dáadáa nílé wọn. Lọ́jọ́ kẹrin ni wọ́n pè é: kí ó wá, ṣùgbọ́n bí lẹ́tà ìjọba bá dé láàárín tááàmù, kí ó fún wọn ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kí wọ́n fi wá ẹlòmíràn. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé, àwọn méjèèjì fọwọ́ sí i.

Títí di bí mo ti ń kọ èyí, lẹ́tà kò tíì dé. Ó wá yá ìwé ìṣirò mi àtijọ́ lánàá. Ó ní ìṣirò pípín kò tíì yé àwọn ọmọ òun.