Ta Ni Ó Ni Orin Tí Ẹnì Kan Dá Ṣe?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní igi kan kì í dá igbó ṣe. Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣòro láti gbà bí ó bá jẹ́ ti agbo ìlù: ìyáàlù kò lè dá agbo gbé, omele ní láti tì í lẹ́yìn, elégbè sì ní láti gbè é. Ṣùgbọ́n ayé ti dé ibi tí ẹnì kan ṣoṣo lè jókòó ti ẹ̀rọ nínú yàrá, kí ó sì ti ibẹ̀ gbé orin jáde láìsí onílù, láìsí elégbè. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá ní, "Èmi nìkan ni mo ṣe é," ǹjẹ́ òótọ́ ni ó sọ? Ìbéèrè yìí kì í ṣe ti orin nìkan. Ti ìwà ni pẹ̀lú, nítorí ẹni tí ó bá gbà pé òun nìkan ni òun ṣe nǹkan kò ní rí ẹni tí ó yẹ kí òun dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Àpẹẹrẹ kan tí ó hàn gbangba ni ti Wolfgang Voigt, ọmọ ìlú Cologne ní ilẹ̀ Jámánì, tí a bí ní ọdún 1961. Orúkọ tí ó fi ń pe iṣẹ́ rẹ̀ yìí ni Gas, ó sì gbé àwo orin mẹ́rin jáde lábẹ́ orúkọ náà láàárín ọdún 1996 sí 2000. Ọ̀kan nínú wọn, Königsforst, ń jẹ́ orúkọ igbó kan tí ó wà lẹ́bàá Cologne. Ohun tí olùgbọ́ yóò kọ́kọ́ bá pàdé nínú àwọn orin náà ni ohùn tí ó bo gbogbo ibẹ̀ bí kùrukùru òwúrọ̀. Lẹ́yìn náà ni ìlù ńlá kan yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dún láti ìsàlẹ̀, gbì, gbì, gbì, kò yára, kò dúró, bí ìgbà tí àyà ènìyàn ń lù. Kò sí ẹni tí ó sọ̀rọ̀ níbẹ̀, síbẹ̀ ẹ̀rù àti ìtura a máa wọ ni lára pọ̀.

Ẹnì kan ni ó ṣe orin yìí lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá tú u wò, a ó rí ọ̀pọ̀ ọwọ́ nínú rẹ̀. Kùrukùru yẹn wá láti inú àwo orin àtijọ́ tí ẹgbẹ́ àwọn olóhùn-èlò ńlá ilẹ̀ Yúróòpù ti ṣe. Voigt gé wọn, ó fà wọ́n gùn, ó sì ń yí wọn po títí a kò fi lè dá wọn mọ̀ mọ́. Ìlù ìsàlẹ̀ náà ní ìtàn tirẹ̀. Ti orin techno ni, èyí tí Juan Atkins, Derrick May àti Kevin Saunderson, ọ̀rẹ́ mẹ́ta aláwọ̀ dúdú tí wọ́n jọ lọ sílé-ìwé ní Belleville, lẹ́bàá ìlú Detroit ní Amẹ́ríkà, dá sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1980. Ọdún 1985 ni Atkins gbé "No UFOs" jáde. Àwọn náà ti gbọ́ orin Kraftwerk, ẹgbẹ́ kan láti Düsseldorf ní Jámánì, lórí rédíò; ilẹ̀ Jàpáàn sì ni wọ́n ti ṣe TR-909, ẹ̀rọ ìlù tí ó di gbajúmọ̀ láàárín àwọn olórin techno.

Ẹnì kan lè wá ní, bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, olè ni irú olórin yìí. Èyí kò tọ̀nà. Ahunṣọ kì í sábà gbin òwú fúnra rẹ̀, síbẹ̀ a kì í pè é lólè. Asunrárà pàápàá gba rárà rẹ̀ lẹ́nu àwọn tí ó ṣáájú rẹ̀. Sùúrù, yíyàn àti ìtò tí ó sọ ohun àtijọ́ di ọ̀tun, ti Voigt ni.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà lójú kejì. Ní ọdún 1969, Gregory Coleman lu ìlù tí kò ju bí ìṣẹ́jú-àáyá méje lọ nínú "Amen, Brother," orin ẹgbẹ́ The Winstons ti Amẹ́ríkà. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwo ni wọ́n ti fi ìlù kékeré yìí ṣe lẹ́yìn náà, pàápàá láàárín àwọn tí ń fi ẹ̀rọ ṣe orin ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Coleman kú nínú òṣì ní ọdún 2006 láìrí kọ́bọ̀ gbà lórí rẹ̀. Ní ọdún 2015 ni àwọn olólùfẹ́ orin dá nǹkan bí 24,000 pọ́n-ùn jọ fún Richard Spencer, olórí ẹgbẹ́ náà. Coleman kò sí láyé mọ́ láti bá a pín in.

Níhìn-ín ni ìyàtọ̀ ti hàn. Lílo ohun tí ẹlòmíràn ti ṣe kò burú. Láìsí i, kò sí ọgbọ́n tí ìran kan lè fi lé èkejì lọ́wọ́. Ohun tí ó burú ni kí a jẹ èrè rẹ̀ tán, kí a sì jẹ́ kí orúkọ olóhun parẹ́. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Nítorí náà, ẹni tí ó bá jó techno ní Berlin tí kò sì fẹ́ gbọ́ orúkọ Detroit jẹ gbèsè, bí ó tilẹ̀ san owó ìwọlé.

Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú kí ènìyàn dá ṣiṣẹ́. Igi tí ó dá dúró lójú ọ̀nà pàápàá, èso igi mìíràn ni ó ti hù.