Ìsun Ìkógòsì: Omi Òrìṣà, Odò Ìlúwẹ̀ẹ́ Gbogbo Ayé

Ní Ìkógòsì, ìlú kan tó wà láàárín òkè àti igbó ní Ìwọ̀-Oòrùn Èkìtì, ìsun omi méjì ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ọ̀kan lọ́ wọ́ọ́rọ́, èkejì tutù. Níbi tí wọ́n ti pàdé, ẹni tó bá ki ẹsẹ̀ méjèèjì bọ omi lè fi ẹsẹ̀ kan mọ ooru, kó fi èkejì mọ òtútù. Omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ yìí náà ló ń wọ inú adágún ìlúwẹ̀ẹ́ tí wọ́n kọ́ sí gbangba níbẹ̀, tí àlejò ń ti ọ̀nà jíjìn wá wẹ̀. Kí wọ́n tó kọ́ adágún ọ̀hún rárá ni àwọn ará ìlú ti ń bọ ìsun náà. Ìbéèrè ńlá nìyí: bí omi tí àwọn kan kà sí mímọ́ bá di ibi ìgbafẹ́ gbogbo ayé, ṣé ìmímọ́ rẹ̀ ti lọ?

Ìtàn àtẹnudẹ́nu kan sọ pé ọkùnrin kan ló ní ìyàwó méjì. Ọ̀kan jẹ́ oníbìínú, èkejì jẹ́ oníwà tútù. Ìjà wọn kò tán títí àwọn méjèèjì fi di omi, tí ọkọ wọn sì di òkè tó dúró tì wọ́n. Àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ ní tiwọn sọ pé omi òjò ló ń gba inú àpáta tó sán wọlẹ̀ lọ jìnnà, níbi tí ilẹ̀ ti ń gbóná sí i bó ṣe ń jìn sí i. Ó móoru níbẹ̀, ó sì tún gba ojú àpáta jáde. Kò sí òkè ayọnáyèéfín kankan nídìí rẹ̀. Ìwé àwọn arìnrìn-àjò sábà máa ń ní ooru rẹ̀ tó 70 °C, ṣùgbọ́n nǹkan bí 37 °C ni àwọn onímọ̀ wọ̀n ọ́n sí, èyí tó bá ooru ara ènìyàn mu. Ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni kò fi ní láti dáná sí adágún náà. Àlàyé méjèèjì kò bá ara wọn jà. Ọ̀kan ń sọ bí omi ṣe gbóná, èkejì ń sọ ojú tó yẹ kí ènìyàn fi wò ó. Ẹni tó bá ti fi omi ṣe ìyá kò ní ṣẹ̀gbin sínú rẹ̀.

Ní 1952 ni John McGee, míṣọ́nnárì ìjọ Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà, dé ìdí ìsun yìí, àwọn òǹkọ̀wé sì sábà máa ń sọ pé òun ló ṣàwárí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn kò tọ́. Ohun tí àwọn ọmọ ìlú ti ń bọ tipẹ́ kò sọnù tí ẹnì kan fi máa wá a rí. Ohun tí ìjọ náà ṣe ni pé wọ́n dá àgọ́ ọ̀dọ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìjọba sọ ọ́ di ibi ìgbafẹ́, ó sì di ti ìpínlẹ̀ Èkìtì nígbà tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ náà sílẹ̀ ní 1996. Ní sáà àkọ́kọ́ Gómìnà Káyọ̀dé Fáyẹmí, láàárín 2010 sí 2014, wọ́n tún ilé àlejò àti àyíká ibẹ̀ ṣe.

Bí omi ṣe ń di mímọ́ kò rí bákan náà lójú gbogbo ẹlẹ́sìn. Lójú Onítẹ̀bọmi, omi kò ní agbára kan lọ́tọ̀. Ìgbàgbọ́ ẹni tí wọ́n rì bọ inú rẹ̀ ló ṣe pàtàkì. Lójú àwọn Aládùúrà, àdúrà ló ń sọ omi di omi ìyè, gẹ́gẹ́ bí èrò ṣe ń bu omi tí wòlíì Joseph Ayọ̀ Babalọlá gbàdúrà sí nígbà ìsọjí Iléṣà ní 1930. Lójú olórìṣà, omi ní olúwa rẹ̀ kí ènìyàn tó dé ibẹ̀. Ó lè dà bíi pé ti olórìṣà yìí ló máa tètè bàjẹ́ bí àjèjì bá wọ omi. Ṣùgbọ́n ìtàn Yorùbá fúnra rẹ̀ ta ko èrò yẹn. Àwọn Ifẹ̀ tó wà ní Atakpamé ní Tógò gbà pé Ilé-Ifẹ̀ ni àwọn ti ṣí wá. Ẹni tó bá ṣí kò lè ru ìsun dání, àmọ́ ó lè gbé òrìṣà rẹ̀ lọ. Ní Kúbà àti Bràsíìlì, wọ́n ń bọ Ọ̀ṣun àti Yemọja níbi tí odò wọn kò dé. Májẹ̀mú tó wà láàárín ènìyàn àti omi ni wọ́n gbé kọjá òkun, májẹ̀mú kì í sì í bàjẹ́ nítorí pé èrò pọ̀.

Ohun tó ń bà á jẹ́ ni kí èèwọ̀ rẹ̀ kú. Ní Òṣogbo, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ló ń rọ́ wá sí igbó Ọ̀ṣun lóṣù kẹjọ ọdọọdún, UNESCO sì ti kà á mọ́ ogún àgbáyé láti 2005. Síbẹ̀ ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pẹja nínú odò náà. Odò ìlúwẹ̀ẹ́ gbogbogbòò náà ní tirẹ̀: fọ ara rẹ kí o tó wọlé, má tọ̀ sínú omi, má gbé ìgò wọ inú rẹ̀. Èèwọ̀ ni ìwọ̀nyí, bó tilẹ̀ jẹ́ orí pátákó ni wọ́n kọ wọ́n sí. Ẹ̀ṣọ́ ló ń mú kí wọ́n pa ti odò ìlúwẹ̀ẹ́ mọ́. Ẹ̀rí-ọkàn ló ń ṣọ́ ti odò òrìṣà, ìdí sì nìyẹn tó fi ń pẹ́ jù ú lọ.

Ìmímọ́ èké kan tún wà tó yẹ kí a kìlọ̀ nípa rẹ̀. Ní Jackson, ní ìpínlẹ̀ Mississippi, ìjọba ìlú ti àwọn odò ìlúwẹ̀ẹ́ gbogbogbòò pa dípò kí aláwọ̀ dúdú àti aláwọ̀ funfun jọ wẹ̀ nínú omi kan náà. Ní 1971, adájọ́ márùn-ún nínú mẹ́sàn-án ní ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ ní Amẹ́ríkà ní ohun tí ìlú náà ṣe kò lòdì sí òfin. Ọmọnìkejì wọn ni àwọn tó ti odò náà pa kà sí èérí. Èrò yẹn kò ní gbòǹgbò nínú ẹ̀sìn Yorùbá, níbi tí wọ́n ti gbà pé omi kò lọ́tàá.

Nítorí náà, adágún ìlúwẹ̀ẹ́ Ìkógòsì kò ba ìsun rẹ̀ jẹ́. Ewu tó wà ni pé owó ìwọlé lè sé ọmọ ìlú mọ́ ìta omi tí àwọn baba ńlá rẹ̀ bọ. Ó yẹ kí ìjọba Èkìtì àti ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá fi ibẹ̀ lé lọ́wọ́ jẹ́ kí ojú ìsun wà lábẹ́ èèwọ̀ àwọn ará ìlú, kí ẹnikẹ́ni má wẹ̀ níbẹ̀, kí ilẹ̀kùn adágún sì ṣí fún ọmọ Ìkógòsì láìgba kọ́bọ̀.