Ta Ni Ó Jẹ̀bi Ẹ̀mí Ẹṣin?

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ẹlẹgbẹ́ wa, ẹ jẹ́ kí a jọ gbé ọ̀rọ̀ kan yẹ̀ wò. Bí ẹṣin bá ti ọ̀nà jíjìn gúnlẹ̀ láàyè, tí òtútù àyà sì pa á lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ta ni ó jẹ̀bi?

Kòkòrò tí ó sábà máa ń fa àìsàn náà kì í ṣe àjèjì. Inú ọ̀fun ẹṣin tí ara rẹ̀ le ni ó ń gbé. Bí ẹṣin bá tẹ orí ba láti jẹ koríko, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ àti èérí á ṣàn jáde. Ṣùgbọ́n nínú ọkọ̀, wọ́n máa ń so orí rẹ̀ sókè. Bí wákàtí ti ń gorí wákàtí, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ á dúró, eruku koríko gbígbẹ á kún un, kòkòrò á sì sọ̀ kalẹ̀ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Nígbà tí ibà bá fi máa hàn, awakọ̀ ti gba owó rẹ̀ lọ.

Awakọ̀ á ní òun kò nà án, òun kò sì rú òfin. Ó lè jẹ́ òtítọ́: òfin ilẹ̀ Yúróòpù tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2007 fàyè gba ìrìn-àjò wákàtí 24, bí ẹṣin bá ṣá ti ń rí omi mu lẹ́yìn wákàtí 8 kọ̀ọ̀kan.

Lójú tiwa, ìyẹn kò tó. Ẹni tí kò mọ̀ ni a lè forí jì. Ẹni tí ó mọ ohun tí okùn náà ń ṣe, tí kò dúró lójú ọ̀nà kí ó tú u, jẹ̀bi, bí kò tilẹ̀ gbé pàṣán. Olówó tí ó ní kí ó má dúró jẹ̀bi pẹ̀lú. Ẹranko kò lè pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́ ní kóòtù. Ẹlẹ́dàá rẹ̀ ni yóò bi wá.