Ìràwọ̀ Márùn-ún fún Ṣọ́ọ̀bù tí A Kò Dé Rí



Ìbéèrè kan dé ọ̀dọ̀ wa, nígbà tí a sì yẹ̀ ẹ́ wò, a rí i pé kì í ṣe ìbéèrè ẹnì kan ṣoṣo. Arábìnrin kan tí ó kọ́ iṣẹ́ aṣọ rírán yanjú gba ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Bódìjà, ní ìlú Ìbàdàn. Ó fi orúkọ ṣọ́ọ̀bù náà sí orí Google kí àwọn ará àdúgbò lè máa rí i. Àwọn tí wọ́n jọ wà nínú ẹgbẹ́ bá ní kí ó má mikàn, pé ogún nínú àwọn yóò gba orí fóònù lọ ní alẹ́ ọjọ́ náà, tí àwọn yóò fún un ní ìràwọ̀ márùn-ún, tí àwọn yóò sì kọ ọ̀rọ̀ dídùn tì í. Nínú ogún ènìyàn wọ̀nyí, ẹni méjì péré ni ó ti ránṣọ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó wá ń béèrè pé: ṣé ìrànlọ́wọ́ ọmọ ìyá nínú ẹ̀sìn ni èyí, àbí ẹ̀rí èké?

Kí a tó dáhùn, ó yẹ kí àwọn tí kò mọ̀ nípa nǹkan yìí mọ bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ẹni tí ó bá ń wá télọ̀ lónìí, tàbí ẹni tí yóò bá a tún fóònù ṣe, tàbí ibi tí yóò ti jẹun, fóònù ọwọ́ rẹ̀ ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ bi. Google yóò gbé orúkọ mẹ́ta mẹ́rin síwájú rẹ̀, pẹ̀lú ibi tí ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan wà, nọ́ḿbà fóònù, aago tí wọ́n ń ṣí àti èyí tí wọ́n ń tì, àwòrán iṣẹ́ ọwọ́ wọn, àti ìràwọ̀ tí àwọn oníbàárà fún wọn, láti orí ọ̀kan dé orí márùn-ún. Google fúnra rẹ̀ sọ pé ohun mẹ́ta ni òun ń wò kí òun tó mọ ẹni tí yóò ṣíwájú: bí ṣọ́ọ̀bù náà ṣe bá ohun tí ènìyàn ń wá mu, bí ó ṣe jìnnà sí i tó, àti bí òkìkí rẹ̀ ṣe kàn tó. Iye ènìyàn tí ó kọ̀wé nípa ṣọ́ọ̀bù àti ìràwọ̀ tí wọ́n fún un wà nínú ìṣírò òkìkí yẹn. Láti 2014 ni wọ́n ti ń pe ètò náà ní Google My Business, kí wọ́n tó yí orúkọ rẹ̀ sí Google Business Profile ní 2021. Ọ̀fẹ́ ni. Sùúrù nìkan ni ó ń gbà, pàápàá nígbà tí wọ́n bá ní kí onísọ́ọ̀bù ya fídíò láti fi hàn pé ṣọ́ọ̀bù náà wà níbi tí ó ní ó wà.

Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ kankan nínú èyí, a tilẹ̀ gba gbogbo ọ̀dọ́ tí ó ní iṣẹ́ lọ́wọ́ níyànjú pé kí wọ́n ṣe é. Ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò. Ṣùgbọ́n kí ohun tí a bá kọ síbẹ̀ jẹ́ òótọ́ láti orí dé ìdí. Bí orúkọ tí ó wà lára pátákó ẹnu ọ̀nà bá jẹ́ orúkọ kan, kí a má lọ kọ “Télọ̀ Tí Ó Dára Jù ní Ìbàdàn” mọ́ ọn lórí Google. Wọ́n lòdì sí i, òtítọ́ náà sì lòdì sí i. Ẹni tí ó wọkọ̀ láti Ìwó Road nítorí pé a kọ ọ́ pé aago mẹ́jọ ni a ń ṣí, tí ó sì bá àgádágodo lẹ́nu ọ̀nà, a jẹ ẹ́ ní owó ọkọ̀. Àwa tí a ń ti ṣọ́ọ̀bù lọ kí Jímọ̀, kí a kọ ọ́ síbẹ̀ pé a kì í sí nílé láàárín aago méjìlá ààbọ̀ sí aago méjì ààbọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Kò sí ìtìjú nínú rẹ̀.

Orí ọ̀rọ̀ ìràwọ̀ ni iṣẹ́ wà. Ní 2011, olùkọ́ kan ní ilé ẹ̀kọ́ ìṣòwò Harvard ní Amẹ́ríkà, Michael Luca, ṣe ìwádìí nípa àwọn ilé oúnjẹ ìlú Seattle àti ìràwọ̀ tí wọ́n gbà lórí Yelp. Ó rí i pé bí ìràwọ̀ ilé oúnjẹ bá fi ẹyọ kan lé sí i, owó tí ó ń wọlé fún un a máa fi bí márùn-ún sí mẹ́sàn-án nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i, àti pé àwọn ilé oúnjẹ tí wọ́n dá dúró, tí wọn kì í ṣe ẹ̀ka iléeṣẹ́ ńlá, ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé eré lásán ni a ń ṣe lórí fóònù. Owó ni ìràwọ̀. Bí a bá fún ẹnì kan, àpò ẹlòmíràn ni a ń darí sí i.

Àwọn tí wọ́n fẹ́ ran arábìnrin wa lọ́wọ́ ní ẹjọ́ tiwọn, ẹjọ́ náà kì í sì í ṣe ti òmùgọ̀. Wọ́n ní àwọn mọ̀ ọ́n, olóòótọ́ ni, kì í yẹ àdéhùn. Wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù tí kò ní ìràwọ̀ kan, oníbàárà kò ní yà síbẹ̀. Bí oníbàárà kò bá sì yà síbẹ̀, níbo ni ìràwọ̀ yóò ti wá? Wọ́n tún ní àwọn mìíràn ń ṣe é, èyí tí ó jẹ́ òótọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọjà Bódìjà kan náà ni a ti máa ń bú oníṣòwò tí ó bá lu ìdí kóńgò wọnú kí ìrẹsì lè dínkù, tí a kì í gbà á gbọ́ bí ó bá ní gbogbo àwọn ẹgbẹ́ òun ni ó ń lù ú.

Ẹ jẹ́ kí a wo ẹni tí kò sí níbẹ̀ nígbà tí ogún ọ̀rẹ́ wọ̀nyí ń pète, ìyẹn àlejò tí yóò ka ohun tí wọ́n kọ. Láyé àwọn bàbá wa, bí ènìyàn bá fẹ́ ran agbádá, yóò bi àbúrò ìyá rẹ̀ pé ta ni ó ń bá a ránṣọ. Bí àbúrò ìyá bá júwe télọ̀, tí télọ̀ sì ba aṣọ jẹ́, a mọ ilé àbúrò ìyá. A óò padà tọ̀ ọ́ lọ, yóò sì tẹ̀ lé wa dé ọ̀dọ̀ télọ̀ náà. Ojú rẹ̀ ni onídùúró. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà kì í fi júwe ẹni tí wọn kò bá lò rí. Wọn yóò ní, “Mo ń gbọ́ orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò rán tèmi rí.” Gbólóhùn kékeré yẹn ni ó sọnù lórí fóònù. Ẹni tí ó ń ka ọ̀rọ̀ wa lórí Google kò mọ ilé wa, kò sì ní ibi tí yóò padà sí. Òtítọ́ ẹnu wa nìkan ni ó kù tí ó lè dúró fún un.

Ẹlòmíràn tún wà tí a kì í rántí. Ká ní télọ̀ kan wà ní òpópónà kejì, tí ó ti ń ránṣọ láti ọdún mẹ́fà, tí ènìyàn mọ́kànlá sì ti kọ̀wé nípa rẹ̀, tí gbogbo àwọn mọ́kọ̀ọ̀kànlá ti gbé aṣọ wá, tí wọ́n san owó, tí wọ́n sì wọ aṣọ náà lọ sí òde. Ní alẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo, a fi ogún ènìyàn gba iwájú rẹ̀ kọjá. Ó lè jẹ́ Mùsùlùmí, ó sì lè má jẹ́. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ lọ́rùn wa kò yí padà.

Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, ka ohun kan tí wọ́n ń pè ní nájáṣì léèwọ̀ nínú òwò. Àwọn onímọ̀ ṣàlàyé rẹ̀ pé ẹni tí kò fẹ́ ra ọjà ni yóò dúró láàárín àwọn olùrajà, tí yóò máa fi owó lé owó, kí ẹni tí ó fẹ́ rà lóòótọ́ lè rò pé ọjà náà tó bẹ́ẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé ọlọ́jà fúnra rẹ̀ lè má sọ ọ̀rọ̀ kan. Ọjà náà pàápàá lè dára. Aburú ibẹ̀ ni pé ẹni tí kì í ṣe olùrajà ṣe bí olùrajà. Ẹni tí kò ránṣọ, tí ó kọ ọ́ pé “ó rán aṣọ mi dáadáa,” kí ni ìyàtọ̀ rẹ̀ sí èyí? A wá a títí, a kò rí i.

Àwọn kan yóò ní àwọn kò ní kọ irọ́ tí ó hàn bẹ́ẹ̀. Àwọn kàn máa fún un ní ìràwọ̀ márùn-ún, àwọn á sì kọ pé ènìyàn dáadáa ni. Òótọ́ ni wọ́n kọ. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí ni yóò bá wọn parọ́, nítorí pé gbogbo ẹni tí ó bá dé ibẹ̀ ni yóò kà á sí ọ̀rọ̀ oníbàárà. Ẹ rántí ìtàn òkìtì oúnjẹ tí Ànábì bá lọ́jà, tí ó ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀ tí ó sì rí i pé ìsàlẹ̀ rẹ̀ tutù. Ọlọ́jà ní òjò ni ó pa á. Ànábì bi í pé kí ló dé tí kò fi kó èyí tí ó tutù sókè kí àwọn ènìyàn lè rí i. Ọkà tí ó wà lókè òkìtì yẹn gbẹ lóòótọ́. Kò sí ẹyọ kan nínú wọn tí ó parọ́. Bí a ṣe tò wọ́n ni ẹ̀tàn wà.

Ẹni tí ó bá rò pé ọ̀rọ̀ ìyìn láti ẹnu ọ̀rẹ́ kò lè ṣe nǹkan púpọ̀, kí ó gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 2017, ní Dulwich tí kò jìnnà sí Peckham tí àwọn ènìyàn wa pọ̀ sí. Akọ̀ròyìn kan, Oobah Butler, tí ó ti fi ìgbà kan gba pọ́n-ùn mẹ́wàá mẹ́wàá láti máa yin ilé oúnjẹ tí kò jẹun níbẹ̀, mú ahéré tí ó ń gbé ní ẹ̀yìnkùlé ilé kan, ó sì forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lórí TripAdvisor bí ilé oúnjẹ. Kò sí alásè níbẹ̀. Nínú àwòrán oúnjẹ tí ó gbé síbẹ̀, fóòmù ìfárùngbọ̀n wà nínú ohun tí ó fi ṣe wọ́n. Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ sì ni ọ̀kan. Àwọn ọ̀rẹ́ àti ojúlùmọ̀ rẹ̀ bá a kọ ọ̀rọ̀ ìyìn. Nínú ilé oúnjẹ tí ó lé ní ẹgbẹ̀rún méjìdínlógún (18,000) ní Lọ́ńdọ̀nù, ahéré yìí di ẹni àkọ́kọ́ ní oṣù Kọkànlá ọdún náà, àwọn ènìyàn sì ń tẹ̀ ẹ́ láago pé kí ó bá àwọn fi àyè sílẹ̀. Ó fẹ́ dán ètò náà wò ni, ó sì tú àṣírí ara rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ọgbọ́n tí ó lò kò ju èyí tí ogún ọ̀rẹ́ wa fẹ́ lò ní Bódìjà lọ.

Ọ̀rọ̀ èènì wọ̀ ọ́. Àwọn onísọ́ọ̀bù mìíràn máa ń sọ fún oníbàárà pé, “Bí o bá kọ ìràwọ̀ márùn-ún fún mi, n ó yọ ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà fún ọ.” Wọ́n ní èènì ni. A kò rò bẹ́ẹ̀. Ọlọ́jà tí ó bu ẹ̀wà lé e fún wa kò bi wá ohun tí a óò sọ nípa òun nílé. Ó bù ú tán kí a tó yísẹ̀ padà. Èyí tí a so mọ́ ẹ̀rí, owó ẹ̀rí ni. Google náà kò gbà kí a fi ohunkóhun tọrọ ọ̀rọ̀ lẹ́nu oníbàárà, ìbáà jẹ́ pé a kò sọ iye ìràwọ̀ tí yóò fún wa, ọ̀nà wọn sì tọ́ nínú èyí, nítorí bí ẹnu bá jẹ, ojú a máa tì. Ẹni tí ó bá fẹ́ fún oníbàárà ní èènì, kí ó fún gbogbo wọn, títí kan èyí tí ó ń kùn.

Ó kù síbẹ̀ ẹni tí wọ́n ba aṣọ rẹ̀ jẹ́. Àwọn arábìnrin kan bi wá bóyá gíìbà ni bí àwọn bá kọ ọ́ síta. Imáàmù Nawawi ka ìkìlọ̀ fún Mùsùlùmí kí wọ́n má baà kó sí aburú mọ́ ibi mẹ́fà tí a ti yọ̀ǹda sísọ ohun tí ó burú nípa ẹlòmíràn lẹ́yìn rẹ̀. Kí a kọ́kọ́ lọ bá onísọ́ọ̀bù. Bí kò bá ṣàtúnṣe, kí a kọ ohun tí ó ṣe sí aṣọ, kí a má kọ irú ìyá tí ó bí i. Onísọ́ọ̀bù tí wọ́n kọ irú rẹ̀ sí, kí ó fèsì pẹ̀lú ohùn tútù, kí ó má sì pe àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kí wọ́n wá fi ìràwọ̀ bò ó mọ́lẹ̀.

Àwọn ìjọba náà ti ń dá sí i. Ní Amẹ́ríkà, òfin tí ó ka irú ọ̀rọ̀ oníbàárà èké báyìí léèwọ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kẹwàá 2024, ti Bìrìtìkó sì bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹrin 2025. Òfin ìdíje òwò àti ààbò oníbàárà ti 2018 ní Nàìjíríà lòdì sí sísọ ohun ẹ̀tàn nípa ọjà àti iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń dúró de ọlọ́pàá kí ó tó mọ̀ pé irọ́ kò dára, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti kúrò ní èyí tí ìwé ìròyìn lè yanjú.

Èsì wa sí arábìnrin wa nìyí. Kí àwọn méjì tí ó ti ránṣọ lọ́dọ̀ rẹ̀ kọ ohun tí ojú wọn rí, bí ó bá ṣe ìràwọ̀ mẹ́rin ni wọ́n rí, kí wọ́n kọ mẹ́rin. Kí àwọn méjìdínlógún tí ó kù gbé foonu sílẹ̀ ná. Ẹni tí ó bá ní aṣọ nínú wọn, kí ó gbé e lọ sí Bódìjà, kí ó sanwó, kí ó má bẹ̀bẹ̀ fún ẹ̀dínwó nítorí pé ọmọ ẹgbẹ́ ni. Ẹni tí kò bá ní aṣọ, kí ó fi nọ́ḿbà ṣọ́ọ̀bù náà ránṣẹ́ sí àwọn ará ilé rẹ̀ lórí WhatsApp, kí ó sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun kò tíì ránṣọ lọ́dọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n òun mọ̀ ọ́n. Kí arábìnrin náà fúnra rẹ̀ ya àwòrán aṣọ mẹ́ta tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán, kí ó gbé e sórí Google lọ́sẹ̀ yìí, bí Ọlọ́hun bá fẹ́, bí Rọmọdáànù bá sì ti ń wọlé, kí ó má gbàgbé láti yí aago tí ó ń ṣí padà.