Ọjọ́ A Kú Là Á Dère

"Ọjọ́ a kú là á dère, èèyàn ò sunwọ̀n láàyè" jẹ́ òwe tí àwọn àgbà máa ń fà yọ nígbà tí òkú ẹni ńlá bá wà nílẹ̀, tí ẹnu àwọn ọ̀tá àtijọ́ sì wá ń yọ oyin. Apá méjì ló ní. Apá kìíní ń ròyìn ohun tí ojú ń rí: ẹni tó kú ti kúrò ní èèyàn ẹlẹ́ran ara, ó ti di ère tí wọ́n gbẹ́ dáadáa, tí wọ́n sì gbé síbi tí tọmọdé tàgbà yóò ti máa wò ó. Apá kejì ni ẹ̀sùn wà. Kò sọ pé ìwà gbogbo alààyè ló burú. Ohun tó ń sọ ni pé àwọn tó yí èèyàn ká kì í rí ibi tó dára lára rẹ̀ títí ẹ̀mí yóò fi bọ́. Ọ̀pọ̀ ló rò pé òkú ni òwe náà ń bá wí. Alààyè ló ń bá wí.

Ère tí òwe náà dárúkọ ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Ní Ọ̀wọ̀ láyé àtijọ́, nígbà ìsìnkú ẹlẹ́ẹ̀kejì tí wọ́n ń pè ní àkó, wọ́n a máa gbẹ́ ère tó tó èèyàn ní ìdúró, tó sì jọ olóògbé lójú. Wọ́n á wọ aṣọ olówó iyebíye fún un, wọ́n á sì gbé e yí ìlú ká. Irú ère bẹ́ẹ̀ kì í sin gbèsè, kì í du oyè, kì í dá ẹnikẹ́ni lóhùn nínú ìpàdé ẹbí. Ibẹ̀ gan-an ni èrò inú òwe yìí fìdí sọlẹ̀ sí. Alààyè ń fẹ́ àga tí ẹlòmíràn ń fẹ́, ó ń sọ̀rọ̀ tó ń dunni, ó sì lè yí ohùn padà lọ́la. Ikú ló ń parí gbogbo ìyẹn. Kò sí ẹni tó ń bẹ̀rù pé ère yóò gba ipò òun, nítorí náà ìyìn rẹ̀ kì í ná ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan.

Ní Glei, ìlú àwọn Ifẹ̀ tó wà lójú títì Lomé sí Atakpamé, bíi ti àwọn ìlú Tógò yòókù, igi kọ́ ni wọ́n fi ń gbẹ́ ère lóde òní. Fọ́tò inú férémù ni, pẹ̀lú òdòdó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àti ìkéde lórí rédíò, àti aṣọ kan náà tí ẹbí àti ọ̀rẹ́ dá fún ọjọ́ ìsìnkú. Nínú ìkéde rédíò, wọn a ka orúkọ àwọn ọmọ, àwọn àna, oyè, iṣẹ́ àti ìlú tí olóògbé ti ṣiṣẹ́. Ẹjọ́ ilẹ̀ oko tí òun àti àbúrò rẹ̀ fi ọdún gbọọrọ bára wọn fà kì í sí níbẹ̀. Àbúrò náà gan-an lè jẹ́ ẹni tó sanwó ìkéde.

Àpẹẹrẹ tó sún mọ́ Glei jù ni ti Bíṣọ́ọ̀bù Philippe Fanoko Kpodzro, tó kú ní Sweden lọ́jọ́ 9 oṣù kìíní ọdún 2024, lẹ́ni ọdún 93. Òun ni bíṣọ́ọ̀bù Atakpamé láti 1976 sí 1992, kó tó di bíṣọ́ọ̀bù àgbà ní Lomé títí di 2007. Nítorí náà, àwọn Kátólíìkì àgbègbè Glei mọ̀ ọ́n kí orúkọ rẹ̀ tó kan gbogbo Tógò. Nígbà tí Àpérò Orílẹ̀-èdè Tógò jókòó láti ọjọ́ 8 oṣù keje sí ọjọ́ 28 oṣù kẹjọ ọdún 1991, òun ni wọ́n fi ṣe alága. Àpérò náà gba èyí tó pọ̀ jù nínú agbára kúrò lọ́wọ́ Ààrẹ Gnassingbé Eyadéma, ó fi Joseph Kokou Koffigoh ṣe olórí ìjọba, Kpodzro sì di olórí ìgbìmọ̀ aṣòfin fún ìgbà díẹ̀ tí wọ́n gbé kalẹ̀. Ní Benin, lọ́dún tó ṣáájú, Bíṣọ́ọ̀bù Isidore de Souza ti darí irú àpérò bẹ́ẹ̀, Ààrẹ Mathieu Kérékou sì gba ohun tó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Tógò kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú oṣù kẹwàá ọdún 1992, àwọn ọmọ ogun ya wọ ibi tí ìgbìmọ̀ náà ti ń jókòó, wọ́n sì há wọn mọ́ ibẹ̀.

Kpodzro ti fẹ̀yìn tì, ó sì ti ń sún mọ́ ẹni 90 ọdún, nígbà tó tún jáde láti ṣe alátìlẹ́yìn Agbéyomé Kodjo nínú ìdìbò ààrẹ ti ọjọ́ 22 oṣù kejì ọdún 2020. Àwọn kan ní àlùfáà kò gbọdọ̀ kó sí ìṣèlú. Àwọn mìíràn ní òun nìkan ló ní ìgboyà tó kù. Ẹni méjì tó jà lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀ nígbà náà lè jọ jókòó síbi Máàsì ìrántí rẹ̀ lónìí láìjiyàn. Kò sí ohun tó yí padà nínú ohun tó ṣe. Ohun tó yí padà ni pé kò lè ṣe òmíràn mọ́.

Ibí ni òwe mìíràn ti wọlé: "Yinni yinni, kẹ́ni ó lè ṣe òmíràn." Ìyìn ní iṣẹ́ tó ń ṣe. Ó ń mú kí ẹni tó ṣe rere mọ̀ pé wọ́n rí i, kí ó sì tún gbìyànjú. Tí ìyìn bá dúró de ikú, kò sí òmíràn tí ẹni tí wọ́n ń yìn lè ṣe mọ́. Àwọn tó ń yìn nìkan ni wọ́n rí èrè níbẹ̀, nítorí ó ń jẹ́ kí wọ́n dà bí ẹni tó mọ rírì èèyàn. Àṣìṣe kìíní tí òwe ère ń tọ́ka sí nìyẹn. A kò sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́ di òfin tí kò ní ààlà: ọ̀pọ̀ èèyàn yin Kpodzro lójú ayé rẹ̀, òwe náà sì fẹ́ràn àsọdùn bíi ti ọ̀pọ̀ òwe.

Àṣìṣe kejì kò hàn kíá. Ìdí rere wà tí àwọn àgbà kò fi fẹ́ kí a máa bú òkú: kò lè fèsì, kò lè mú ẹlẹ́rìí wá, kò sì lè tọrọ àforíjì. Òdodo ni ìyẹn. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kí a dákẹ́ ẹ̀gàn, ọ̀tọ̀ ni kí a fá ìtàn mọ́ bí ẹni fá igi. Agbéyomé Kodjo, tó kú lọ́jọ́ 3 oṣù kẹta ọdún 2024, kò tíì pé oṣù méjì lẹ́yìn Kpodzro, fi àpẹẹrẹ èyí lélẹ̀. Àwọn tó dìbò fún un lọ́dún 2020 rí ẹni tó dojú kọ ìjọba tó sì lọ sí ìgbèkùn. Ọkùnrin yìí kan náà ló jẹ́ olórí ìjọba lábẹ́ Eyadéma láti 2000 sí 2002. Lásìkò yẹn, lọ́dún 2001, ilé ẹjọ́ dá ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà fún Yawovi Agboyibo, agbẹjọ́rò àti olórí ẹgbẹ́ alátakò, pé ó ba orúkọ Kodjo jẹ́. Agboyibo náà di olórí ìjọba ní 2006, ó sì kú lọ́jọ́ 30 oṣù karùn-ún ọdún 2020. Àwọn méjèèjì ti di ère báyìí, fọ́tò wọn lè wà lára ògiri kan náà, tí ẹni tó ń wò wọ́n kò sì ní mọ̀ pé ọ̀kan ṣẹ̀wọ̀n nítorí èkejì.

Kodjo tí ìtàn 2001 wà lára rẹ̀ tóbi ju èyí tí wọ́n fá mọ́ lọ, nítorí ó fi hàn bí èèyàn ṣe lè kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ alágbára kó sì forí ti ohun tó tìdí rẹ̀ yọ. Ẹni tó bá fẹ́ kọ ìtàn rẹ̀ fún àwọn ọmọ Tógò, ní Glei tàbí ní Lomé, kó jọ̀wọ́ má fo oṣù mẹ́fà Agboyibo.